Ọjọ́ Tí Ohùn Wistin Há

Wistin amọ̀nà dúró lórí àtẹ̀gùn àdúgbò wa ní Valletta, olú ìlú Malta, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó na agbòjò pupa rẹ̀ sókè kí àwọn àlejò rẹ̀ lè rí i, ó la ẹnu láti kí wọn káàbọ̀, ohùn ò jáde. Ó tún la ẹnu. Èémí lásán ló jáde, bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

Àìsàn kọ́. Ọdún ẹni mímọ́ abúlé wọn ni wọ́n ṣe lánàá. Ẹgbẹ́ onífèrè méjì ló wà ní abúlé náà, wọn kì í sì í fẹ́ rí ara wọn sójú. Láti òwúrọ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń fi ariwo díje ní gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì, Wistin ló sì dúró síwájú àwọn tirẹ̀. Àwọn tirẹ̀ ló borí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá a délé.

Lọ́jọ́ mìíràn, ìbá ní kí ọ́fíìsì rán ẹlòmíràn wá. Ti ọjọ́ yìí kò ṣeé ṣe. Ọ́fíìsì tó gbà á síṣẹ́ ti kọ̀wé sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn àlejò ń ṣàròyé. Wọ́n ní ó mọ ìtàn lóòótọ́, ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀ kì í sì í yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá kan sùn lọ lórí ìdúró níbi tó ti ń ṣàlàyé, ó sì kù díẹ̀ kó yí gba orí àtẹ̀gùn lọ. Wọ́n ní láàárín ọ̀sẹ̀ yìí ẹnì kan láti ọ́fíìsì yóò wà lára àwọn tó ń mú kiri, onítọ̀hún ò ní sọ ara rẹ̀, ohun tó bá sì sọ ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá Wistin á ṣiṣẹ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Àlejò méjìlá ló wà níwájú rẹ̀ báyìí. Ọkùnrin apárí kan wà láàárín wọn tó mú ìwé kékeré àti kálàmù dání. Wistin wò ó, ó gbà pé ẹni náà nìyẹn.

Òkè ni ìrànlọ́wọ́ gbà wá. Sinjura Filomena, opó kan tó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ń sá aṣọ lójú fèrèsé onígi rẹ̀ ní àjà kẹrin. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn rẹ̀ ní àdúgbò wa. Ó lè dúró síbẹ̀ yẹn kó máa bá oníbúrẹ́dì ṣe àríyànjiyàn ní ìsàlẹ̀, kó má sì dà bí ẹni tó ń pariwo.

"Wistin," ó ní, "kí ló ṣe ọ́ tí o ń yánu bí ẹja tí wọ́n fà sórí ilẹ̀?"

Wistin fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀.

"O gbé egungun mì?"

Ó mi orí pé rárá.

"Ìyàwó rẹ ló ní kí o má sọ̀rọ̀ mọ́?"

Ó tún mi orí. Ó tọ́ka sí àwọn àlejò, ó tọ́ka sí ẹnu ara rẹ̀, ó wá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ níwájú ère nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Filomena wọlé, a sì gbọ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yọ lẹ́nu ọ̀nà, bàtà tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì fi báàgì kọ́ apá.

Wistin fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, ó ṣàlàyé. Ohùn òun ti há. Kí màmá dákun ṣàánú òun. Òun á máa sọ ọ́ sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kó máa fi ohùn tirẹ̀ sọ ọ́ jáde fún àwọn àlejò. Filomena ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì nígbà èwe rẹ̀, èdè wọn ò sì ṣòro fún un, pàápàá tó bá di ọ̀rọ̀ ìjà.

"Ohun tí o bá sọ gan-an ni kí n sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò níbẹ̀."

"Bí mi ò bá gbọ́ dáadáa ńkọ́? Etí òsì yìí ti ń sinmi láti ọdún Àjíǹde."

"Ẹ bi mí."

"Ó dáa. Apá ọ̀tún ni kí o dúró sí."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ò ní òkè, kò sì ní ìsàlẹ̀. Ohùn kan náà ni gbogbo rẹ̀ fi ń jáde. Wistin kò ronú kan ìyẹn. Ó rọra tẹ̀ sí etí ọ̀tún Filomena, ó bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án wá.

"Odi ló yí ìlú yìí ká."

Filomena kọjú sí àwọn àlejò. "Ó ní odì ló yí ìlú yìí ká."

Àwọn àlejò wo ara wọn. Filomena mi orí pẹ̀lú ìrònú.

"Òótọ́ ló sì sọ. Ní àdúgbò yìí nìkan, ẹni mẹ́rin lèmi fúnra mi kì í kí. Ẹ wo fèrèsé aláwọ̀ ewé yẹn. Àbúrò mi obìnrin ló ń gbé ibẹ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tí a ti ń yan odì, nítorí àga tí bàbá wa fi sílẹ̀."

Orí méjìlá yí sí fèrèsé aláwọ̀ ewé. Ọwọ́ kan yọ láti inú, ó sì fa aṣọ ojú fèrèsé dé. Àwọn àlejò ya fọ́tò rẹ̀.

Wistin fa apá aṣọ Filomena. "Odi, màmá. Odi. Èyí tí wọ́n fi òkúta mọ."

"Ó ní ó le bí òkúta," ni Filomena sọ fún wọn.

Obìnrin kan tó dé fìlà koríko béèrè bóyá ẹnu ọ̀nà wà lára rẹ̀. Inú Wistin dùn díẹ̀, nítorí ó mọ iye ẹnu ọ̀nà tó wà lára odi ìlú náà àti ọdún tí wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tó tẹ̀ sí etí rẹ̀, Filomena ti dáhùn.

"Ẹnu ọ̀nà wà. Ta ni yóò kọ́kọ́ kàn án nìṣòro."

Apárí kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Wistin rí i, ó sì yára kó wọn kúrò níbẹ̀.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí àdúgbò náà ti pin, níbi tí èèyàn ti lè fẹ̀yìn ti ògiri kó sì máa wo ẹnu òkun. Lójú ọ̀nà ni Wistin ti rò pé àṣìṣe òun ni, pé òun sọ̀rọ̀ jù. Ó mú bébà tíkẹ́ẹ̀tì kan, ó kọ ohun tó kàn sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, ó nà án sí i. Filomena gba bébà náà, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún gbé e súnmọ́, ó sì dá a padà.

"Awò mi wà nílé lórí tábìlì," ó ní. "Sọ ọ́ sí mi létí, ọmọ mi. Gé e kúrú."

Wistin gé e kúrú. "Ogun ló kọ́kọ́ dé."

"Kí ìlú yìí tó wà rárá," Filomena kéde, "ó ní ogún ló kọ́kọ́ dé."

Ó wá dúró, ó wo Wistin bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ọmọdé wú lórí. Ó sọ fún wọn pé kí wọ́n má fojú kékeré wo ọ̀dọ́kùnrin yìí, pé ó mọ ìtàn. Pé ibi tí gbogbo nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù yìí nìyẹn. Bàbá á kú, kò ní kọ ìwé, àwọn ọmọ á dé láti ìlú òkèèrè pẹ̀lú lọ́yà. Bó ṣe rí láàárín àwọn ajagun Jòhánù Mímọ́, tó ni ibí nígbà náà, àti àwọn ará Tọ́kì tó wá bá wọn jà nìyẹn. Àwọn tibí ní wọ́n fún àwọn ni, àwọn tọ̀hún ní àwọn ló kàn. Àwọn àlejò ń mi orí. Ó hàn pé ogún ti dá ìjà sílẹ̀ nílé tiwọn náà.

Wistin kò mọ ibi tí yóò ti gbá ọ̀rọ̀ náà mú. Ó rò ó pé bóun bá sọ ohun tí kò ṣeé ṣì gbọ́, bóyá nǹkan á tún tò. Ó sọ pé ọba kan ló yọ̀ǹda erékùṣù náà fún àwọn ajagun, ẹyẹ àṣá kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní kí wọ́n máa fi san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Filomena sọ ọ́ jáde gẹ́lẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ, kò yẹ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Apárí gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó sọ fún aya rẹ̀ pé èyí tó kù òun gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ẹyẹ tan òun jẹ.

"Òótọ́ ọ̀rọ̀ ò ní ojú rere," Filomena sọ fún Wistin. "Èwo ló kàn?"

Wistin nawọ́ sí ojú òkun. "Igba ọkọ̀ ló gba ibẹ̀ yẹn wọlé."

Filomena yí padà, ó tẹjú mọ́ omi. Ó ní, "Igba ọkọ ló gba ibẹ̀ yẹn wọlé."

Obìnrin onífìlà koríko rọra béèrè pé lójoojúmọ́ ni àbí lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

"Ó ń béèrè bóyá lọ́jọ́ kan ni," ni Filomena sọ fún Wistin.

"Màmá," Wistin sọ, ó ti ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, "ọkọ̀ ni mo wí. Ọkọ̀. Èyí tó ń gbé èèyàn."

"Ó ní àwọn tó ń gbé èèyàn níyàwó."

"Igi ni wọ́n fi ṣe é."

"Ó ní igi ni wọ́n." Filomena mí kanlẹ̀. "Mo mọ irú wọn. Tèmi náà, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, tó bá ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, o lè sá aṣọ lé e lórí."

Wistin gbá iwájú orí mú. Ó gbìyànjú láti parí ìtàn náà kó lè kúrò níbẹ̀. Ó ní oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi gbìyànjú, wọn ò rí nǹkan mú, wọ́n sì padà síbi tí wọ́n ti wá.

Filomena sọ ọ́ jáde pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. "Igba ọkọ. Oṣù mẹ́rin. Wọn ò rí nǹkan mú, wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá. Obìnrin Malta nìyẹn."

Obìnrin onífìlà koríko rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó sí. Aya apárí ń nu omijé. Wistin kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wà lára kálàmù apárí, tó ń sáré lórí ìwé bí èèrà.

Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, nǹkan burú sí i. Wistin sọ pé wọ́n ti fìgbà kan gbé ọwọ́ Jòhánù Mímọ́ pamọ́ síbẹ̀. Ohun tí àwọn àlejò gbọ́ ni pé ọwọ̀ Jòhánù Mímọ́ ló wà níbẹ̀. Filomena tilẹ̀ fi ara ṣàpẹẹrẹ bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀, kí ẹni tí kò mọ ìgbálẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ó yin ẹni mímọ́ náà, ó ní ọkùnrin tó bá lè gbé ọwọ̀ mú fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán an, ó yẹ kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún un. Ẹnì kan béèrè ibi tí ó wà báyìí. Wistin ní ó kúrò ní erékùṣù yìí nígbà tí àwọn Faransé dé.

"Àwọn Faransé dé, ọwọ̀ lọ," ni Filomena wí. "Láti ọjọ́ náà ni àdúgbò wa ti dọ̀tí."

Tọkọtaya kan tó wá láti ilẹ̀ Faransé tọrọ àforíjì.

Nígbà tí wọ́n fi dé ọgbà òkè tó kọjú sí ẹnu òkun, Wistin ti dà bí aṣọ tí wọ́n fún tán. Aago méjìlá ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ èrò ti kún etí ògiri, wọ́n ń wo àgbá ogun tó tò sí ìsàlẹ̀. Wistin rò pé ibí yìí gan-an ò lè bàjẹ́, nítorí ohun tí òun fẹ́ sọ wà níwájú gbogbo èèyàn, ó sì ń dán nínú oòrùn.

"Tí aago méjìlá bá ti lù, wọ́n á yin àgbá."

Ó tilẹ̀ fìka tọ́ka sí i. Filomena kò wo ibi tó tọ́ka sí.

"Lójoojúmọ́, tí aago méjìlá bá ti lù," ó sọ, "ní ìlú yìí, a máa ń yin àgbà."

Ó tún báàgì rẹ̀ gbé, ó na ọrùn, ó dúró ṣánṣán. Àgbá dún. Ẹyẹlé tú kúrò lórí òrùlé gbogbo. Èrò tó wà létí ògiri pàtẹ́wọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe lójoojúmọ́, àwọn àlejò méjìlá náà sì kọjú sí Filomena, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Filomena tẹrí ba díẹ̀ sí ọ̀tún, ó tẹrí ba díẹ̀ sí òsì.

"Ó ti tó," ó sọ. "Ẹ ṣeun. Ó ti tó."

Lẹ́yìn èyí ni àwọn àlejò tú ká láti ya fọ́tò. Wistin jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi, ó gbé orí sọ́wọ́. Filomena jókòó tì í, ó bọ́ bàtà kan, ó ń fọwọ́ ra ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Wistin sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé iṣẹ́ òun ti bọ́ nìyẹn. Apárí yẹn ni ọ́fíìsì rán wá. Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ láti òwúrọ̀ ló ti kọ sílẹ̀.

"Apárí wo?"

"Ẹni tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, tó ń kọ̀wé."

Filomena wo ọ̀hún láti ibi tó jókòó sí. Ọkùnrin náà kọ ẹ̀yìn sí wọn, ìwé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí ògiri, ó tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí ibi tí wọ́n wà.

"Kì í ṣe ará ọ́fíìsì," ó sọ. "Ohun tí yóò rà lọ́jà ló ń kọ. Ẹyin. Ọṣẹ ìfọṣọ. Oúnjẹ ológbò. Ìkẹrin yẹn, ó fa igi lé e."

Wistin mi orí, ara tù ú. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé orí sókè.

"Màmá, láti ibí ni ẹ ti kà á?"

Filomena wọ bàtà rẹ̀ padà.

"Láìsí awò?"

"Oòrùn mú dáadáa lónìí," ni Filomena wí.

A lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn nínú orí Wistin láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì padà sí etí òkun, láti etí òkun padà sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó kúrò ní apá ọ̀tún rẹ̀, ó lọ sí apá òsì, ó sọ̀rọ̀ tó rọ̀ ju gbogbo èyí tó ti ń sọ bọ̀ láti òwúrọ̀ lọ.

"Kí ni wọ́n fi òkúta mọ yí ìlú ká?"

"Odi," ni Filomena dá a lóhùn.

"Kí ni igba rẹ̀ wá láti Tọ́kì?"

"Ọkọ̀. Má yọ mí lẹ́nu, Wistin. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbọ́ ọ lábẹ́ fèrèsé mi, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Mo lè ka ìtàn rẹ láti orí dé ìdí, títí dé ibi tí o ti máa ń húkọ́."

"Nígbà náà, kí ni mo fi ṣe yín tí ẹ fi ń bà mí jẹ́ níwájú àlejò?"

Filomena ní kí ó ka ìtàn náà fún òun bí ó ti máa ń kà á. Lẹ́yìn odi, kí ló máa ń sọ?

"Mo máa ń ní kí wọ́n gbójú sókè wo àwọn fèrèsé onígi."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo máa ń sọ pé…" Wistin dúró.

"Sọ ọ́. Etí méjèèjì ń gbọ́."

"Pé ilé wọ̀nyí ti ṣófo. Pé àwọn tó nílùú ti kó lọ tán, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́."

"Níbo lèmi máa ń wà nígbà náà?"

"Lójú fèrèsé."

"Kí ni mo máa ń ṣe?"

"Ẹ máa ń sá aṣọ."

"Mo máa ń sá aṣọ," Filomena tún un sọ. "Ìwọ á sọ pé kò sẹ́nì kan, àwọn èèyàn á gbójú sókè, wọ́n á rí mi tí mo mú yẹ̀rì dání. Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan rí mi, ó ya àmì àgbélébùú. Mo juwọ́ sí i, ó sá. Èmi ni o ti sọ di òkú láti ọdún mẹ́sàn-án, Wistin, n kò sì tíì jẹ oúnjẹ ìsìnkú mi."

Wistin wo ilẹ̀. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí màmá má bínú. Inú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wọn níṣẹ́ ni ó ti há a sórí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀.

"Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò gbé àdúgbò wa," Filomena dáhùn. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Dìde. Wọ́n ti ń wò wá. Ó ku ibì kan ṣoṣo kó o dá wọn padà síbi tí o ti kó wọn, àbí?"

Wọ́n padà sí orí àtẹ̀gùn. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ibẹ̀ ni Wistin ti máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò kó tó ní kí wọ́n máa lọ. Lọ́jọ́ náà, ó dúró sábẹ́ fèrèsé àjà kẹrin, ó ní kí gbogbo wọn gbójú sókè. Aṣọ ṣì wà níbẹ̀, ó ń fẹ́ nínú atẹ́gùn. Ó tẹ̀ sí etí Filomena, ó sọ̀rọ̀ pẹ́, kò sì sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tó ti inú ìwé wá. Filomena gbọ́ ọ tán. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀, ẹnu rẹ̀ wúwo.

"Kí ló sọ?" ni obìnrin onífìlà koríko béèrè.

"Ó ní," Filomena bẹ̀rẹ̀, ó tún ọ̀fun ṣe, "ó ní ilé yìí ò ṣófo. Ó ní obìnrin kan ń gbé òkè yẹn, inú yàrá yẹn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti bí ọmọ tirẹ̀. Ó ní òun ti ń gba abẹ́ fèrèsé rẹ̀ kọjá láti ọdún mẹ́sàn-án, òun ò gbójú sókè kí i rí, bẹ́ẹ̀ ìyá òun ò kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Ó ní obìnrin náà jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin."

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rin," ni Wistin sọ sí i létí.

"Mo gbọ́," Filomena dá a lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó kọjú sí wọn padà. "Mọ́kàndínláàádọ́rin."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Apárí fa ìwé rẹ̀ yọ, ó béèrè lọ́wọ́ Filomena ibi tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ ní tòsí. Àwọn tó kù dúpẹ́, wọ́n bọ Wistin lọ́wọ́, wọ́n fi ẹnu ko Filomena lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń tú ká ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku obìnrin onífìlà koríko. Òun lọ sí ilé kọfí tó wà ní igun, ó ra pastizzi mẹ́ta tó gbóná, tí wàràkàṣì ń yọ nínú wọn, ó fún àwọn méjèèjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tó ti bu tirẹ̀ jẹ tán ló mú káàdì kan jáde láti inú àpò. Orúkọ ọ́fíìsì Wistin ló wà lórí rẹ̀.

Wistin gbé pastizzi tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì lódindi.

Obìnrin náà ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí òun ń ṣe nìyí láti ọdún mẹ́fà, òun ti tẹ̀lé amọ̀nà ní gbogbo ìlú etí òkun yìí, ẹsẹ̀ máa ń dun òun kí òun tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Lónìí, òun ò tilẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ gùn. Kò sẹ́ni tó sùn. Kò sẹ́ni tó wo aago. Òun á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí Wistin máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí, àti lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá, bí ó bá jẹ́ pé bí wọ́n ti ṣe é lónìí ni wọn yóò máa ṣe é. Ó wá ṣẹ́jú, ó sún mọ́ wọn díẹ̀, ó béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ohùn tó há yìí, ìgbà wo ni dókítà sọ pé yóò là?

Wistin la ẹnu láti sọ òótọ́. Bóyá pastizzi gbígbóná ló fà á, a ò mọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń yọ́ nínú ọ̀fun òun, ohùn ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó rí hàráhàrá, ṣùgbọ́n ohùn ni. Bàtà ọjọ́ Ìsinmi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀.

"Dókítà ní ó di ọdún Kérésìmesì," ni Filomena sọ.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ni obìnrin náà wí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀ dáadáa, ó dágbére fún wọn.

Wọ́n dúró wò ó títí ó fi yà ní igun. Wistin gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ń fọwọ́ rà á.

"Màmá," ó sọ, ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete, ó dún gba àdúgbò kọjá, "dókítà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Filomena wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fìka lé ètè.

"Rọra sọ̀rọ̀," ó ní. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé wa lẹ́nu iṣẹ́ ni?"